Ẹ̀rí Tí Mo Gé Kúrú

Ní ìjọ wa ní àdúgbò Òkè-Ìlá, èmi ni mo máa ń gé ẹ̀rí kúrú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni. Kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ọ̀gbẹ́ni kan dìde lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó ní ewúrẹ́ òun sọnù, Ọlọ́run sì bá òun rí i. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí ìyá ewúrẹ́ náà. Nígbà tí yóò fi dé ibi tí ewúrẹ́ ti sọnù, ìyàwó Pásítọ̀ ti sùn, iyán gbogbo ilé ti tutù, ẹni tó ń tẹ dùùrù ti lọ tọ̀, ó ti padà dé, ó tún ti lọ. Lọ́jọ́ kejì Pásítọ̀ pè mí.

"Bọ̀dá Lérè, ẹ̀yin lẹ mọ eré ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gun orí pẹpẹ, kó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ yín kọjá."

Bí mo ṣe di télọ̀ ẹ̀rí nìyẹn. Òfin mi ò pọ̀: sọ ibi tí o wà tẹ́lẹ̀, sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe, sọ ibi tí o dé, kí o sọ̀ kalẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀rí kò gbọdọ̀ ní "ṣùgbọ́n" nínú. Ẹni tó bá ní, "Ọlọ́run wò mí sàn, ṣùgbọ́n eékún ṣì ń dùn mí díẹ̀," ó ti da omi sínú ọbẹ̀ nìyẹn. Ìjọ tó ti mí sínú láti kígbe halelúyà, gbogbo rẹ̀ á jò dànù bíi táyà tí ìṣó gún.

Mo mọ ibi tí igbe máa ń wà nínú ọ̀rọ̀. Láti Ajé dé Ẹtì, akọ̀wé ìjọba ni mí, ní ọ́fíìsì tí ẹ̀rín ti ń gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe eré ní ìjọ. Bí mo bá ṣe Júdásì lásìkò Àjíǹde, tí mo bú sẹ́kún lẹ́yìn tí mo ta Olúwa mi tán, àwọn ìyá àgbà á máa fi gèlè nu ojú, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn á máa di ìhà mú. Ẹkún kan náà ni o. Ẹni tó wù ú kó sunkún, ẹni tó wù ú kó rẹ́rìn-ín.

Orí àbúrò mi ni mo wá lo gbogbo ọgbọ́n yìí sí.

Dùnmínínú lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, kíláàsì kẹrin ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa. Èmi, òun àti Màámi la jọ ń gbé. Ohun kan ni kí ẹ mọ̀ nípa Dùn: kò lè parọ́. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú rí. Nígbà tí a wà ní kékeré, a jọ jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Mo kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, mo jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú mi, ó mọ̀ ọ́n bí orí sáàmù. Màámi wọlé. Kò tíì bi wá ní nǹkan kan. Dùn ní, "Màámi, ológbò ni Bọ̀dá mi ní kí n sọ."

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, oorun fi í sílẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì òun ń ṣe ìṣirò nínú àjà ilé. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ṣé wọ́n ń gbà á ṣá?" Ó ní wọn ò gbà á, pé ohun tó ń ba òun lọ́kàn jẹ́ gan-an nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn àgbẹ̀ tó ń kó iṣu bọ̀ láti ìlú Ìyìn wá sí Ọjà Ọba ló rí i lẹ́bàá títì, láìwọ bàtà, tó di rẹ́jísítà mú. Ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ sínú igbó. Bó bá pe ọ̀kan, á dúró, á dẹtí, kí ọmọ náà dáhùn kó tó pe èyí tó kàn.

Ó pẹ́ kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. A kọ́kọ́ gbààwẹ̀. A fi òróró pa á lórí. A bi í léèrè bóyá ó ṣẹ ẹnì kan. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Dókítà Adéyẹyè níkẹyìn, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, ó ní àìsàn ni bí àìsàn yòókù, ó lórúkọ, ó sì ní oògùn.

"Bí ara yín bá ti yá," ló sọ fún Dùn, "ọkàn yín á ní kí ẹ da oògùn nù. Ẹ má dà á nù. Ara tó yá yẹn, oògùn ló dì í mú."

Ó fà wá lé Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́mi lọ́wọ́, ẹni tó ń ṣe ìpàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ní ilé ìlera àdúgbò, fún àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí àti àwọn ará ilé wọn. Mo bá Dùn lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́. Èmi ni mo máa ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀: "Tíṣà, àlejò yín funfun dé o!" Á dáhùn látinú yàrá: "Ẹ ní kó wọlé, Bọ̀dá mi." Oorun padà. Ó tún ń gúnyán, ó tún ń bá mi jà pé ìkọ̀wé mi dà bí ìgbà tí adìyẹ ń tan ilẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kó padà wá tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Màámi na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "A ó lọ dúpẹ́ ní ulé Olúa."

Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́, á jẹ́rìí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí, á gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, àní bó jẹ́ àbúrò mi.

Ó mú ìwé wá. Ojú ewé méjì gbáko, ó fi rúlà fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ déètì, ó kọ àkòrí.

"Kí ni àkòrí ń ṣe níbí? Ṣé o fẹ́ fún ìjọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá ni?"

"Bọ̀dá mi, ẹ kà á ná."

Mo kà á. Ó dùn, ó mọ́, ó lọ geere, títí mo fi dé ojú ewé kejì. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: "Mo ṣì ń lo oògùn mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Dókítà ní n kò tíì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi àánú rẹ̀ sínú hóró kékeré. Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé yìí tí oorun ti fi sílẹ̀, kó má bẹ̀rù. Kó wá bá mi, màá mú un lọ sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀."

Mo fa báírò pupa yọ. "Èyí ò ní wọlé."

"Òtítọ́ ni, Bọ̀dá mi."

"Ta ló ń bá ọ jiyàn? Òtítọ́ ni, àmọ́ kò dùn. 'Mo ṣì ń lo oògùn.' 'Ṣùgbọ́n' ńlá nìyẹn, agbádá ló kàn wọ̀. Ìjọ á ní, háà, kò tíì yá."

"Ṣé ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í jẹ́rìí?"

"Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kì í rìn láìwọ bàtà lọ sọ́nà Ìyìn."

Mo rí i pé ó dùn ún dénú egungun. Kíá ni mo sín Pásítọ̀ jẹ, bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ sọnù. Dùn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń rẹ́rìn-ín ni mo gé e.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gun orí pẹpẹ. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ ti oorun, ó sọ ti títì Ìyìn, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní, "Mo dúpẹ́," ó yí padà láti sọ̀ kalẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àmọ́ irú àtẹ́wọ́ wo? Pà, pà, bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Ẹ̀rí àbúrò mi, tí èmi fúnra mi gé! Ara mi ò gbà á. Mo já máìkì gbà.

"Dúró níbẹ̀, Tíṣà! Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ ohun tí kò sọ fún yín? Oògùn tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ ńkọ́? Dùnmínínú, sọ fún wọn! Ṣé o ṣì ń lò ó?"

Títí di òní, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ẹnu eléré máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tí igbe wà. Gbogbo ìjọ mí sínú. Màámi na ọrùn ní ìjókòó iwájú. Dùn wò mí. Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ ẹran inú ìkòkò, kó tó yíjú sí Màámi. Mo ń dúró kó ní, "Bọ̀dá mi ló ní kí n sọ." Mo ṣẹ́jú sí i.

"Rárá," ni Dùn wí.

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí! Pásítọ̀ jó títí bàtà rẹ̀ kan fi bọ́ sáàárín àwọn akọrin. Wọ́n gbé Dùn sókè. Wọ́n ń dì mọ́ mi pé, "Bọ̀dá Lérè, ẹ ò ní kú!" Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe eré, mi ò gba irú igbe bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a ń rìn lọ sílé, Dùn ní, "Bọ̀dá mi, ẹni tó dúró níwájú pẹpẹ Ọlọ́run tó parọ́, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Wọ́n ń pè é ní eléré."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn: "Tíṣà, àlejò yín funfun dé o!" Ó ní, "Ẹ ní kó wọlé, Bọ̀dá mi." Bẹ́ẹ̀ náà lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ní gbogbo ọjọ́. Mo ń pe tèmi, ó ń gbe tirẹ̀, bí orin. Mi ò ṣílẹ̀kùn wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Sáà bẹ̀rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pè mí lórí fóònù ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Òjò ń rọ̀ nígbà tí ọ̀kadà já mi sílẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin jókòó sórí pápá nínú òjò, ní ìlà-ìlà, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó ní kíláàsì. Wọ́n ń gbọ̀n, wọn ò sì dìde, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Dùn dúró níwájú wọn pẹ̀lú rẹ́jísítà tó ti rin. Ó ní àjà kíláàsì ti kún, àwọn tó wà lókè fẹ́ já lé wọn lórí, kí wọ́n fara balẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí ẹnì kankan fara pa. Àwọn òbí ti pé sí ẹ̀bá ọgbà. Àwọn kan na fóònù sókè.

"Ṣebí obìnrin tó jẹ́rìí lọ́jọ́sí nìyí?" ni ọkùnrin kan wí. "Ó ní òun ò lo oògùn mọ́!"

"Ẹ̀rí ọ̀hún ti jó lábẹ́," ni ẹlòmíràn fèsì, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Dùn rí mi. Ojú rẹ̀ tàn.

"Bọ̀dá mi, ẹ sọ fún wọn," ló wí. "Ó ti di òtítọ́. Mi ò parọ́ mọ́."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ìgbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn tán, tí Màámi ń wá aṣọ tí a ó mú lọ fún un, ló rí páálí ṣọ́ọ̀kì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ṣọ́ọ̀kì nínú rẹ̀. Oògùn ló wà níbẹ̀, hóró funfun-funfun, gbogbo èyí tí mo ti kan ilẹ̀kùn fún láti ọjọ́ ìdúpẹ́. Ìwé ẹ̀rí wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ibi tí mo fi báírò pupa gé, ó kọ ọ́ lọ́nà tó tò, bí ẹni ń kọ ọ́ sí pátákó:

"Mo ti sọ pé rárá níwájú Ọlọ́run. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà. Ohun tó kù ni kí n jẹ́ kó di òtítọ́."

Màámi ò mọ̀wé. "Kí ló kọ, Lérè?"

Ọgbọ́n sọ sí mi létí pé kí n gé e kúrú. Mo kà á fún un tán pátá. Màámi jókòó sílẹ̀, ó gbé páálí náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ, kò sì bú mi. Ìbá sàn ká ní ó bú mi.

Dókítà Adéyẹyè náà ò bú mi. Ó ní, "A ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ." Ilé ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà pé kí Dùn dúró sílé títí àwọn yóò fi pè é. Wọn ò kọ ọjọ́ sí i.

Nígbà tí ọjọ́ ìdúpẹ́ mìíràn pé, mo gun orí pẹpẹ. Ta ni mo fẹ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá?

"Ẹ̀yin ará," mo ní, "irọ́ ni àbúrò mi pa níbí lóṣù tó kọjá. Èmi ni mo sì fi í sí i lẹ́nu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni mò ń sọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Bọ̀dá Lérè, ẹ rọra o, a ò tíì jẹun!"

"Mo gba oògùn lẹ́nu ọmọ ìyá mi nítorí àtẹ́wọ́!" Ohùn mi já, ẹkún gbé mi. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ìhà mú. Wọ́n mọ ẹkún náà. Ẹkún kan ṣoṣo ni mo ní láyé, mo sì ti ná an tán lórí Júdásì.

Mo ṣí páálí ṣọ́ọ̀kì, mo da oògùn sórí pẹpẹ. Ó ró bí òjò orí páànù. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Màámi ló dìde. Kò gba máìkì. "Ẹ dákẹ́ o! Ọmọ mi ò sí ní ulé. Ulé ìwòsàn ló wà. Kí lẹ ń fi rẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀rín kú. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní ìjọ wa. Mo ṣí ìwé, mo sì ka ẹ̀rí Dùn láti àkòrí dé ìparí, ojú ewé méjèèjì, pẹ̀lú hóró kékeré, pẹ̀lú ìpàdé Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ohun tó kọ sábẹ́ báírò pupa. Ẹnikẹ́ni ò ní halelúyà. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀nà ṣàdédé gbòòrò fún mi, gbogbo ènìyàn ń yà fún mi kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró níbi mọ́tò rẹ̀: Bàbá Adébíyìí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó ti pé ogójì ọdún ní àdúgbò wa tí pàṣán rẹ̀ ò mọ̀.

"Lérè."

"Sà."

"Ìwé tí o kà yẹn. Ta ló fi báírò pupa gé e?"

"Èmi ni, sà."

"Ibi tó gba máàkì gan-an lo gé."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ń retí ìbáwí. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò dàńṣíkí rẹ̀, ó fa páálí oògùn pẹlẹbẹ kan yọ, ìdajì rẹ̀ ti ṣófo.

"Ọdún mọ́kàndínlógún," ló wí. "Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀, òun náà sì ti lọ. Aago mélòó ni wọ́n ń pàdé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Aago mẹ́wàá, sà. Ẹ̀yìnkùlé la máa ń gbà wọlé."

"Èmi á gba iwájú."

Ó sì gba iwájú lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Àwa mẹ́jọ la pé lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún Dùn ní ilé ìwòsàn, bí ẹni gbé ẹ̀bùn. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní oògùn rẹ̀, ó sì ti gbé e mì. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. Mo sọ ti Bàbá Adébíyìí fún un. Mo ṣí ìwé rẹ̀, mo kà á fún un jẹ́jẹ́, ojú ewé méjèèjì. Nígbà tí mo parí, ó yíjú sí mi.

"Ṣé ẹ kà á fún wọn báyìí?"

"Báyìí gan-an ni."

"Ṣé kò gùn jù?"

"Ó gùn."

"Ṣé wọ́n pariwo?"

"Rárá."

Ó mi orí. "Ó dáa. Wọ́n gbọ́ nìyẹn."

Ọkàn mi fò sókè! Dùn ti dé! Mo fẹ́ ké sí nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ pe Màámi, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ jó. Dùn gba báírò lọ́wọ́ mi. Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó fara balẹ̀ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún gbójú sókè wò mí, pẹ̀lú ojú rere tó fi ń wo àlejò.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí lorúkọ rẹ?"

Mo jókòó padà. "Ọlálérè ni, Tíṣà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé ìwé náà sókè bíi rẹ́jísítà.

"Ọlálérè."

Ó dúró, ó dẹtí, bó ṣe dúró lẹ́bàá títì Ìyìn lọ́jọ́sí tí igbó ò dá a lóhùn. Ẹ̀fẹ̀ tó ń lọ bí ọgọ́rùn-ún ló sáré wá sẹ́nu mi. Mo gbé gbogbo wọn mì.

"Mo wà níbí, mà."

Dùn fi àmì sí iwájú orúkọ mi, ó sì pe orúkọ tó kàn.